Sọ́ńdè Gánà ní Ilé Yèyé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nílé ọmọ ọmọ mi ní Ìlọrin, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo ń sinmi jẹ́jẹ́, ni òórùn kan bá wọlé tọ̀ mí wá láti ilé ìdáná. Ẹ̀pà lílọ̀ tó ń hó nínú tòmátì ni, pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹni tó sè é kò fi ṣahun. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde, orúnkún mi tó máa ń ṣàròyé kò rí àyè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dúró ti ìkòkò, ó gbé fóònù rẹ̀ ti agolo iyọ̀, obìnrin kan nínú rẹ̀ ń kọ́ ọ bí yóò ṣe rò ó. Ó ní oúnjẹ alẹ́ àwọn ará Gánà lòun fẹ́ sè fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á se ti Ṣáínà. Ó wá bi mí, pẹ̀lú sùúrù tí àwọn ọmọ ìwòyí fi máa ń bá àgbà sọ̀rọ̀, pé, "Màmá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti tọ́ irú èyí wò rí?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti wá ibi jókòó. Mo ní kí ó dín iná kù kí ẹ̀pà má baà jó mọ́ ìdí ìkòkò, kí ó sì dúró kí òróró léfòó kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èdè mìíràn. Ìgbà náà ló tó yé mi pé mi ò tíì sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a jọ mọ̀ ọ́n sì ti ń lọ tán. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Osi, lọ́nà Ọ̀mù-Àrán, ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Bàámi ti lọ sí Gánà láti ìgbà ọ̀dọ́, nígbà tó dà bí ẹni pé gbogbo ọmọkùnrin ìlú wa tó lè gbé ẹrù lérí ló ń lọ. Ó fẹ́ ṣòwò, òwò kò gbà fún un, ló bá di kúùkù lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń bá wọn wa wúrà. Nínú ilé ìdáná òyìnbó yìí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ẹran nínú ààrò onírin, àti bí wọ́n ṣe ń ro kọ́sítádì tí kò fi ní kókó. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Aṣantí kan tó ń ta ẹja yíyan ló ti ń ra ẹja fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ra ẹja, ó ra ẹja, títí ó fi fẹ́ ẹ. Ìyá mi nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn, a dé sí Osi pẹ̀lú àpótí onírin kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àti ọmọ odó ìyá mi, tó gùn ju Bàámi fúnra rẹ̀ lọ. Bàámi máa ń sọ pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló bẹ obìnrin náà pé kó sọ igi yìí nù, nítorí ó ń gún wọn níhà láti Kumasi títí a fi wọ Ìlọrin. Ńṣe ló tún dì í mú gírígírí.

Yèyé, ìyá Bàámi, ló ni ilé tí a dé sí. Obìnrin gíga ni, ó ń dá oko òtílí, irú ẹ̀wà wa kan, àti ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí ń ní kó tún un sọ. Ó máa ń pe ilé ní "ulé", ó ń pe iyán ní "uyán", bí gbogbo àgbà ìlú wa ṣe ń pè é. Àwa tí wọ́n rán lọ sílé ìwé là ń fi ẹnu ìwé sọ̀rọ̀. Lójú Yèyé, oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá, uyán sì ni. Bí a bá jẹ ìrẹsì àwo méjì yó bámúbámú, yóò wò wá tìyanu-tìyanu, yóò ní ṣé a ò ní jẹun lónìí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín nínú agboolé wa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ìyá ọkọ kì í jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò máa dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì máa wo ọmọ náà. Tó bá wá di ọjọ́ kan, bóyá lẹ́yìn ìkórè kan, bóyá kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ yóò fi àwo tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó pé kó bu oúnjẹ sí i. Kò sí ayẹyẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà sí i, àwo lásán ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ìyàwó ti di ti ilé. Ó lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, wọ́n lè rán an lọ síbi òkú lórúkọ agboolé, bí ọ̀ràn bá sì dé bá a, gbogbo ilé ni yóò dìde. Àwo Yèyé kò dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kò dé. Mo kà á jáde, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò dé.

Kì í ṣe pé ìyá mi jókòó tẹtẹrẹ. Ó kọ́ èdè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Aṣantí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gún iyán, iyán rẹ̀ ń dán. Ó se ọbẹ̀ ìṣápá tí àwọn obìnrin agboolé tó kù ń fi ìka lá nínú àwo. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ìyàwó Gánà, ó sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n Yèyé kò jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Bàámi gbójú gbóyà lẹ́ẹ̀kan, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí. Yèyé ní, "Gánà ti jẹ ọmọ mi. Mi è jẹ ti Gánà." Ohun tó ní lọ́kàn yé gbogbo ilé. Ìgbà tí Bàámi wà ní Kumasi ni bàbá rẹ̀ kú. Ìròyìn náà kò dé bá a títí wọ́n fi sin ín, Yèyé sì dá jókòó ti òkú ọkọ rẹ̀ láìsí àkọ́bí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bá Bàámi jà lórí rẹ̀ rí. Gánà ló bá jà, ìyá mi sì ni Gánà tí ó rí lójú.

Bàámi, ní tirẹ̀, kò lè gbàgbé pé òun ti jẹ́ kúùkù. Ó ń dáko bíi gbogbo èèyàn, iṣu rẹ̀ sì ń ta, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè tí a kò lọ sóko, ara rẹ̀ a máa yún un. Òun ló dá a sílẹ̀ pé Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni a óò jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lówó tí òun á fi gbé wa kárí ayé, kí a kúkú fi ẹnu lọ. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá mi, ti Gánà. Èkejì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Bàámi fúnra rẹ̀ ló ń se é. Èkẹta ń yí kiri. Èkẹrin jẹ́ ti ilé wa, Yèyé ló sì ń pàṣẹ rẹ̀, uyán ni, a kì í bi í.

Ẹ ò rí Sọ́ńdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàámi á wọ ṣòkòtò kúkurú kákí, á so aṣọ àpò ìyẹ̀fun mọ́ ìbàdí, á lé gbogbo obìnrin kúrò ní ìdí ààrò. Ní Osi nígbà náà, ọkùnrin tó ń dáná nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le jẹ́ ohun àpéwò. Àwọn obìnrin àdúgbò á máa wá yá iyọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pẹ́ kí wọ́n tó rántí iyọ̀ tí wọ́n wá yá. Ànàmọ́ òyìnbó kì í dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, nítorí náà iṣu ni Bàámi ń gé bí ànàmọ́, á dín in, á da ẹran agolo tó ti dín pẹ̀lú àlùbọ́sà lé e. Fọ́ọ̀kì la gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́. Àbúrò mi kékeré fi fọ́ọ̀kì gún ètè ara rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n lò. Yèyé á jókòó lókè lọ́hùn-ún, á máa jẹ uyán rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́ tónítóní, á máa káàánú wa.

Sọ́ńdè Gánà ni mo fẹ́ràn jù. Bàámi ti ní kí agbẹ́gilére kan ní Eruku gbẹ́ odó pẹrẹsẹ fún ìyá mi, nítorí odó tiwa jìn, odó tiwọn fẹ̀, kò sì jinlẹ̀. Agbẹ́gilére náà gbẹ́ ẹ tán, ó kọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló gbẹ́ ẹ. Gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń gún. Ẹnìkan á dúró, á máa fi ọmọ odó gígùn yẹn gún un. Ẹnìkejì á jókòó ti odó, á máa fi ọwọ́ yí i. Bí ọmọ odó bá gòkè, ọwọ́ á wọlé. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ á ti jáde. Bàámi ló ń gún, ìyá mi ló ń yí. Èdè Aṣantí ni wọ́n máa ń sọ nídìí odó náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ọwọ́ ìyá mi ò sì ní ṣìnà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kó òkèlè rìbìtì sínú àwo, wọ́n á da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e lórí, a ó máa gé e láti inú ọbẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn ilé, Yèyé á máa gún uyán tirẹ̀. Odó méjì á máa dún nínú agboolé kan, ọ̀kan ń dún wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀kan ń dún gbì gbì.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, tísà kan láti Íńdíà àti ìyàwó rẹ̀ wá gba yàrá méjì lọ́wọ́ Yèyé. Ìṣirò ni ọkùnrin náà ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ girama. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, jẹ́ obìnrin tín-ín-rín tó máa ń dá sunkún lójú fèrèsé, nítorí kò rí nǹkan kan jẹ tó jọ ti ilé rẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ó rí Yèyé tó ń fẹ́ òtílí nínú atẹ. Ó bẹ́ jáde láì wọ bàtà, ó bu òtílí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi í han ọkọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Òtílí wa yìí, tí àwọn kan ń kẹ́gàn pé oúnjẹ àgbẹ̀ ni, òun gan-an ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Yèyé bu igbá kan fún un, kò gba nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni Sọ́ńdè kẹta ti di ti Íńdíà. Màdáámù á se òtílí títí á fi yọ́, á da ata àti kọrí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ilé rẹ̀ sí i, á dín búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi ń jẹ ẹ́, a ó sì máa sín.

Ní Sọ́ńdè Íńdíà àkọ́kọ́, Màdáámù gbé àwo kékeré kan lọ fún Yèyé. Kò mọ àṣà wa, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Gbogbo wa yíjú sí Yèyé. Yèyé wo àwo náà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó ya búrẹ́dì, ó fi gbá òtílí, ó jẹ ẹ́. Ó tilẹ̀ ní ó dára, pé kí wọ́n kàn fi ata kún un. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ìyá mi pín oúnjẹ fún wa tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e, ìkòkò kan ló ń fọ̀, ìkòkò náà sì ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, mo sì bínú sí Yèyé fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 ni ọ̀rọ̀ wá dójú rẹ̀. Tísà Íńdíà àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìlọ́fà nígbà náà. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, ètè gbogbo wa là. Rédíò kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, a sì mọ̀ pé àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tísà Gánà tó wà nílé ẹ̀kọ́ wa wá dágbére fún ìyá mi pẹ̀lú àpò wọn. Ó dín ẹja fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́nà, ó dúró lójú títì títí ọkọ̀ wọn fi yà sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Débórà tó ń ta epo kẹrosíìnì lódìkejì ilé wa bá a nídìí kànga. Ó ní, "Ìyàwó Gánà, ùwọ ńkọ́, ujọ́ sí lò ń lọ?" Ọjọ́ wo ni ìyẹn, lẹ́nu àwọn àgbà wa. Bóyá kò ní ibi nínú. Àwọn tó dúró níbẹ̀ sọ fún mi pé ìyá mi gbé omi rẹ̀ tó ku díẹ̀ kó kún, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Yèyé jókòó nílé ìdáná rẹ̀, à ń pa ẹ̀gúsí. Ògiri ibẹ̀ kò kan òrùlé, a sì ń gbọ́ ohùn Bàámi àti ìyá mi láti yàrá kejì. Bàámi ń sọ pé kò sí ohun tí ìjọba lè ṣe, pé aya òun ni, pé àwọn ṣègbéyàwó. Ìyá mi ní, "Kì í ṣe ìjọba ni mò ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá wá, ta ni nínú ilé yìí tó máa dìde sọ pé tiwọn ni mí? Yèyé kò jẹun lọ́wọ́ mi rí." Ó ní òun á lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun á mú àbúrò mi dání, kí èmi dúró ka ìwé mi parí. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun lọ kí ẹnikẹ́ni tó lé òun. Mo wo Yèyé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó pẹ́ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò sì wò mí.

Sátidé, Yèyé lọ sóko, ó wú gbágùúdá bọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi ṣe gààrí ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, tó jẹ́ Sọ́ńdè Gánà, ìyá mi ti sọ pé òun kò ní dáná fún ẹnikẹ́ni, àpótí onírin sì ti wà láàárín yàrá, ó ṣí sílẹ̀. Yèyé pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, ó ti bó gbogbo rẹ̀, ó ti sè é. Ó bi mí bóyá ohun tí wọ́n ń fi ṣe é nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n mú ọmọ odó kan.

Iyán ni Yèyé mọ̀ ọ́n gún, bó ṣe ń gún iyán ló sì ṣe gún un. Ó da gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sínú odó jíjìn, èmi àti òun dúró, à ń gún un lé ara wa lọ́wọ́, tagbáratagbára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ odó, ó di kókó. Gbágùúdá gbá ọmọ odó mú, ó ń bá a gòkè, bí a bá fà á, odó á fẹ́ tẹ̀ lé wa. Obìnrin tí gbogbo ìlú ń yin iyán rẹ̀ làágùn, ìró odó sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń gún ẹrẹ̀. Ìró náà ló gbé ìyá mi jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo odó, ó wo kókó inú rẹ̀, ó wo ọmọ odó méjì tí wọ́n há. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ tí rédíò ti sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà, lẹ́yìn náà omijé nìkan ló kù.

Yèyé ní, "Má wò mí mọ́. Sọ ohun tó ṣe é."

Ìyá mi nu ojú. Ó ní, "Yèyé, odó yín ti jìn jù. A kì í dúró gún un báyìí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó kó máa yí i." Ó wọlé, ó gbé odó pẹrẹsẹ jáde, ó kó gbogbo rẹ̀ sí i, ó ya kókó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń wá àpótí tó máa fi jókòó. Yèyé ti jókòó sórí àpótí náà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó gbé ọwọ́ sínú odó.

"Yèyé, ọwọ́ yín."

"Mo rí ọwọ́ mi. Gún un."

Kò sí ìyàwó kan ní agboolé wa tó lè gbé ọmọ odó sókè lórí ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i láti òkèèrè á figbe ta. Ìyá mi gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fi ọwọ́ kan ọmọ tuntun. Yèyé ní gbágùúdá kò ní gbọ́ ìyẹn. Ó tún gbé e, ó gún un. Ọwọ́ àgbà náà ń wọlé, ó ń jáde, ó kọ́kọ́ ń pẹ́ jù, ó wá ń yá. Nígbà kan ọmọ odó fi ara kan ìka rẹ̀. Ìyá mi jù ú sílẹ̀. Yèyé gbọn ìka náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo ní kí o máa gún un." Bàámi ti jáde síta nígbà náà, ó dúró lẹ́bàá ògiri, kò sún mọ́ wa. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Nígbà tí ọbẹ̀ ẹ̀pà tí ìyá mi gbé kaná jinná, Yèyé rán mi sínú yàrá rẹ̀. "Lọ gbé àwo mi wá." Àwo tánganran funfun kan ni, etí rẹ̀ ti ṣí. Mo gbé e fún ìyá mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó bu òkèlè sí i, ó da ọbẹ̀ lé e. Mo rò pé Yèyé á jẹ ẹ́ nílé ìdáná rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó gbé e, ó gba ọ̀nà iwájú ilé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìyá mi wá jókòó ti òun. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń gé òkèlè láti inú ọbẹ̀, ó ń gbé e mì, ó ń dáhùn. Ìyá Débórà dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró, ó ń wo inú àwo. Ó bi í pé kí ni Yèyé ń jẹ yìí.

Yèyé ní, "Oúnjẹ ulé mi ni. Ìyàwó mi ló sè é. Jókòó kí o jẹ ẹ́."

Ìyá Débórà jókòó. Ó gé e, kò mọ̀ bóyá kó rún un tàbí kó gbé e mì, gbogbo ọ̀nà sì ń wò ó. Ó gbé e mì. Ó ní ó dùn. Nígbà tí ojú ọ̀nà dá tán, Yèyé gbé àwo náà fún mi, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó bi mí bóyá usu ṣì wà, pé kí n lọ gún uyán díẹ̀ fún òun, pé ebi ń pa òun. Ìyá mi gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àpótí onírin ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò sì wá. Ní gbogbo Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwo Yèyé ń dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Yèyé kò fẹ́ràn oúnjẹ náà títí ó fi kú, ó sì ń jẹ ẹ́ títí ó fi kú.

Nǹkan ti yí padà gan-an. Bulọ́ọ̀kù la fi tún ilé náà kọ́, gáàsì ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ mi àti ọmọ wọn ń jẹ oúnjẹ orílẹ̀-èdè tí Bàámi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, fóònù ló ń kọ́ wọn, wọn kò sì ní láti bá ẹnikẹ́ni jà kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Mi ò bínú sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ọmọ ọmọ mi lè se ọbẹ̀ ẹ̀pà láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá jẹun, kálukú pẹ̀lú àwo tirẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń rò ó pé kò sẹ́ni tó ń fi àwo ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bóyá ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà sọ ọ́ fún ara wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ rò ó lọ́nà mìíràn.

Ìyá mi darúgbó ní Osi. Nígbà tó kú, àlùfáà tuntun kan, ọmọdékùnrin tó mọ̀wàá hù, wá bá wa gbàdúrà. Ó ti gbọ́ pé ọmọ Gánà ni olóògbé, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi wá bóyá ẹbí ń gbèrò láti gbé òkú náà lọ sílé. Àwọn àgbà obìnrin agboolé jókòó lórí ẹní, àwọn tó ń pè é ní Ìyàwó Gánà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n wo ara wọn. Ilé tí ó ń wí kò yé wọn, kì í ṣe pé wọ́n ń bínú, kò kàn yé wọn ni. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá bi àlùfáà náà léèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, pé, "Ulé sí?"